Iná Ni Wọ́n Fi Ń Ṣe Òkùnkùn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Fíìmù Noir

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà tó wà láàárín wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn wá síbí, mo rí yín, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fíìmù noir, ìyẹn àwọn fíìmù ọ̀daràn Amẹ́ríkà àtijọ́ tí òjìji pọ̀ nínú wọn, kí a tó jọ wo ọ̀kan nínú wọn lálẹ́ òní. Mo ti sọ fún wọn pé mi ò kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Iná ni mò ń tàn fún àwọn tó ń ya fíìmù, iṣẹ́ náà ni mo sì ti ń jẹ láti ìgbà tí mi ò tíì ní irùngbọ̀n. Bí ẹ bá rí i pé mo pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ iná ju ti ìtàn lọ, ẹ má bínú, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n tó wà nídìí súìṣì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pa gbogbo iná gbọ̀ngàn yìí. Ìwọ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bọ́ síwájú, kí o wá jókòó sórí àga yìí.

Wọ́n pa iná, gbogbo yín sì pariwo “Ọ̀ọ́!” bí a ṣe máa ń ṣe nílé nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo gbé e síwájú ọmọkùnrin yìí gan-an. Kí lẹ rí? Ojú ọmọ èèyàn. Ó mọ́, ó tẹ́jú bíi fọ́tò ìwé ìrìnnà, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ bi í. Mo wá gbé tọ́ọ̀ṣì náà lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ìdajì ojú rẹ̀ ti lọ. Òjìji imú rẹ̀ nà dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Mo bi yín pé kí lẹ rò pé ó ń rò. Màmá kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Ó ti ṣe nǹkan!” Ẹ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ò ṣe nǹkan kan. Kò fajú ro, kò lajú sókè. Ibi tí iná ti ń bọ̀ nìkan ló yí padà.

Mo wá yọ òòyà kan jáde lápò, mo fi sáàárín tọ́ọ̀ṣì àti ojú rẹ̀. Òjìji eyín òòyà fa ìlà dúdú dúdú sí i lójú àti sára ṣẹ́ẹ̀tì. Kí n tó béèrè, ẹnìkan ti pariwo pé, “Ẹ̀wọ̀n!” Òòyà náírà díẹ̀ ni o. Ẹ ṣé, ẹ tan iná padà. Àbúrò, o ṣeun, lọ jókòó, ilé-ẹjọ́ ti dá ọ sílẹ̀.

Nígbà tí gbọ̀ngàn yìí ṣókùnkùn biribiri, ẹ̀rù ò ba ẹnikẹ́ni, ariwo lẹ pa. Ìgbà tí mo tan iná kékeré kan ni ọkàn yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Òkùnkùn inú fíìmù noir kì í ṣe ti àìsí iná. Iná ni wọ́n fi ṣe é. Ẹnìkan ló jókòó tó pinnu ibi tí iná máa dé, tó sì tún mọ̀ọ́mọ̀ pinnu ibi tí kò ní dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìtàn inú rẹ̀ náà nìyẹn: kì í ṣe pé ẹni tó ń ṣubú ò ríran. Ó rí ọ̀fìn náà dáadáa, ó sì tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti orúkọ. Noir, èdè Faransé ni, dúdú ló túmọ̀ sí. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ya àwọn fíìmù yìí kò mọ orúkọ náà nígbà tí wọ́n ń yà wọ́n. Fíìmù ọ̀daràn ni wọ́n ní àwọn ń ṣe. Ogun ló bí orúkọ náà. Láti 1940 tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ti wọ Paris títí di 1944 tí wọ́n lé wọn jáde, fíìmù Amẹ́ríkà ò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Paris. Nígbà tí ọ̀nà là, ẹrù ọdún mélòó kan dà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di 1946, èyí tí wọ́n yà ní 1941 àti èyí tí wọ́n yà ní 1944 ni wọ́n ń wò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń bá ọmọ gbélé kì í tètè mọ̀ pé ọmọ náà ti ga. Àlejò tó ti ìrìnàjò dé ló máa ń pariwo. Nino Frank, òǹkọ̀wé kan tó ń kọ nípa sinimá ní Paris, ló pariwo yẹn ní August 1946: ó ní ìwà àwọn fíìmù Amẹ́ríkà ti yí padà, ó pè wọ́n ní fíìmù dúdú. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì létí àwọn èèyàn rẹ̀, torí pé láti 1945 ni ilé ìtẹ̀wé Gallimard ti ń tẹ ọ̀wọ́ ìwé ìtàn ọ̀daràn kan jáde tí wọ́n ń pè ní Série noire.

Ṣé ẹ̀yà fíìmù kan ni noir ni, àbí ọ̀nà ìyàwòrán lásán? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà lórí ẹ̀, mi ò sì fẹ́ bá wọn dá sí i. Ní tèmi, bí mo bá rí ọkùnrin kan tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ bí ẹni ń rojọ́, tí iná ò dé ìdajì ojú rẹ̀, mo mọ ibi tí mo wà.

Àwọn wo ló mú ọwọ́ iná yìí wá? Púpọ̀ nínú wọn sá kúrò níbi tí ojú ọjọ́ ti ṣú gan-an ni. Ní Jámánì, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn oníṣẹ́ sinimá ti ń fi ògiri wíwọ́ àti òjìji sọ ohun tó wà nínú ọkàn èèyàn. Nínú fíìmù Dókítà Caligari ti 1920, ọ̀dà ni wọ́n fi kun òjìji mọ́ ara ilé. Nígbà tí Hitler gbàjọba ní 1933, àwọn tó jẹ́ Júù àti àwọn tí kò lè fara mọ́ ọn bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Fritz Lang lọ, Robert Siodmak lọ, Billy Wilder náà lọ. Paris ni Wilder kọ́kọ́ sá sí. Nígbà tó di 1934 ó ti wà ní Hollywood, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tíì já gaara. Irú wọn ló wá ń ya ìtàn Los Angeles, ìlú oòrùn, ìlú ọ̀pẹ àti etí òkun. Ojú àlejò ni wọ́n fi wo oòrùn náà. Wọ́n ti gbé ìlú tó mọ́lẹ̀ rí, wọ́n sì mọ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú níbẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé ìdí iṣẹ́. Iná mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni iná àgbà, òun ló ń tan ojú òṣèré. Ìkejì ni èyí tí èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń pè ní iná ẹlẹ́bẹ̀, torí pé ṣe ló máa ń bá wa bẹ òjìji pé kó má le jù. Ìkẹta wà lẹ́yìn òṣèré, òun ló ń ya orí àti èjìká rẹ̀ kúrò lára ògiri. Nínú fíìmù apanilẹ́rìn-ín, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, ojú gbogbo èèyàn á mọ́ bí ọjọ́ ìgbéyàwó. Nínú noir, wọ́n lé ẹlẹ́bẹ̀ jáde. Nígbà míì wọ́n á rẹ ẹ sílẹ̀, nígbà míì wọn ò ní tàn án rárá. Òjìji á wá ṣe bó ṣe fẹ́.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí ẹ máa rí lálẹ́ yìí. Kámẹ́rà á lọ sísàlẹ̀, á máa wo èèyàn láti ìsàlẹ̀ títí àjà á fi dà bíi pé ó fẹ́ wó lé e. Àtẹ̀gùn pọ̀, dígí pọ̀, èéfín sìgá kò ní jẹ́ kí ẹ mí. Títì máa ń tutù lóru bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀: omi ni wọ́n ń da sí i, kí iná ṣọ́ọ̀bù lè rí ibi jókòó sí. Títì gbígbẹ máa ń gbé iná mì ni.

Fíìmù tí a fẹ́ wò ni Double Indemnity, tí Billy Wilder darí, tó jáde ní 1944. Wilder àti Raymond Chandler ló jọ kọ ọ́ láti inú ìtàn tí James M. Cain kọ. Cain fúnra rẹ̀ mú nǹkan díẹ̀ látinú ẹjọ́ kan ní New York ní 1927, níbi tí ìyàwó kan àti àlè rẹ̀ ti pa ọkọ nítorí owó adójútòfò. Ẹ má rò pé mo fẹ́ ba fíìmù náà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Àwa máa ń bínú sí ẹni tó bá sọ òpin fíìmù fún wa. Noir ò dúró dè mí, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mọ́tò kan ń sáré àsápajúdé lóru ní Los Angeles. Ọkùnrin kan bọ́ọ́lẹ̀, ó wọ ọ́fíìsì tó ń ṣe, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí. Èjìká rẹ̀ kan ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Walter Neff lorúkọ rẹ̀, aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni, Fred MacMurray ló ṣe é. Ó ní òun pa ọkùnrin kan nítorí owó àti nítorí obìnrin, òun ò rí owó, òun ò sì rí obìnrin. Fíìmù ò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe fún wa. A ò tún ní máa béèrè mọ́ pé ta ló ṣe é. Ìbéèrè wá di pé báwo ni ẹni tó lọ́pọlọ tó báyìí ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Ohùn rẹ̀ á máa bá wa lọ látìgbà náà, bí ohùn ẹni tó ń ka ẹ̀sùn sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Wilder tún fi ìdí àṣà yìí múlẹ̀ ní 1950 nínú Sunset Boulevard, níbi tí òkú tó léfòó lójú omi nínú ọgbà ilé olówó ti ń ròyìn bóun ṣe kú.

Neff lọ sílé oníbàárà kan nítorí ìwé adójútòfò mọ́tò tó fẹ́ tán. Ọkọ ò sí nílé. Ìyàwó, Phyllis, yọ sí i lókè àtẹ̀gùn. Barbara Stanwyck ni, irun àtọwọ́dá funfun-bí-òwú ló dé sórí. Ọ̀gá kan nílé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà bínú nígbà tó rí irun yẹn, ó ní Stanwyck làwọn háyà, George Washington làwọn rí. Èmi fẹ́ràn irun náà. Ó yẹ kó rí bí ohun tí kì í ṣe òótọ́, torí pé ohun tí Phyllis wá ṣe náà nìyẹn. Nígbà tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kámẹ́rà ò wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ ló wò, ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ náà.

Kó tó sọ̀ kalẹ̀, Neff ti wà ní pálọ̀ tó ń dúró. Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ pálọ̀ yìí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ràn síta. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ìbòjú fèrèsé onípele tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó jọ lúfà tó wà nílé àwọn bàbá wa. Oòrùn bá inú rẹ̀ wọlé ní ìlà ìlà, ó gorí ògiri, ó gorí kóòtù Neff. Eruku ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ náà. John Seitz ló ń tan iná fíìmù yìí, eruku lásán ò tó o, lẹ́búlẹ́bú álúmíníọ̀mù ni wọ́n fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí òòyà ìṣáájú. Ọkùnrin yìí ò tíì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò tíì bá obìnrin náà sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ, iná ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni.

Inú ìwé adójútòfò tí wọ́n jọ fọgbọ́n mú kí ọkọ buwọ́ lù láìmọ̀, ó wà níbẹ̀ pé bí ikú bá jẹ́ ti jàǹbá tó ṣọ̀wọ́n, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ìlọ́po méjì ni owó. 50,000 dọ́là á di 100,000. Ibẹ̀ ni fíìmù ti mú orúkọ. Ọkọ gbọ́dọ̀ “jábọ́” látinú rélùwéè nìyẹn.

Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ sinimá Amẹ́ríkà ní òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1930, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú láti 1934. Ọ̀daràn ò gbọ́dọ̀ jẹ èrè ìwà rẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi bí wọ́n ṣe ń pààyàn han aráyé lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Nítorí òfin yìí, ìtàn Cain lò tó ọdún mẹ́jọ nílẹ̀ kí wọ́n tó rí i yà. Àwọn kan máa ń káàánú àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà yẹn. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ìdènà náà ṣe. Lóru ọjọ́ ìpànìyàn, Phyllis ń wakọ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Neff fara pamọ́ sẹ́yìn. Ó tẹ fèrè mọ́tò, àmì tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí nìyẹn. Kámẹ́rà ò lọ sọ́dọ̀ ọkọ rárá, ojú Phyllis ló tẹjú mọ́. A ń gbọ́ ìjàkadì díẹ̀. Ojú náà ń wo títì, ó ń wo títì, ohun kan sì kọjá nínú rẹ̀ bí ìtẹ́lọ́rùn. Mo ti wo ibẹ̀ ju ogún ìgbà lọ, mi ò tíì rí ìpànìyàn tó burú jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi ìka kan hàn mí.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú sórí irin tán, wọ́n wọ mọ́tò. Phyllis yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ò ṣiṣẹ́. Ó tún un yí. Kò ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí mọ bí àyà ṣe ń já nírú àkókò yẹn. Ẹ fi ọwọ́ kan àyà ara yín lálẹ́ yìí bí ẹ bá débẹ̀: ẹ máa rí i pé ẹ ń gbàdúrà kí mọ́tò apànìyàn ṣiṣẹ́. Ìgbà wo lẹ di ẹgbẹ́ wọn? Wọ́n ti fi ohùn Neff mú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbà dé ọ̀rọ̀ obìnrin, torí mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa máa bi mí. Arẹwà tí ń fa ọkùnrin lọ sí ikú pọ̀ nínú noir. Ìgbà náà dá kún un: ogun ti kó ọkùnrin lọ, obìnrin ti wọ ilé-iṣẹ́, ó ti ń gba owó oṣù tirẹ̀, àwọn kan ò sì mọ ibi tí wọ́n máa fi ojú sí. Mi ò ní sọ pé kò sí ẹ̀tanú nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ẹni tó ń sọ ìtàn. Ẹ rántí ìtàn ọdẹ tó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ sílẹ̀ tó di arẹwà obìnrin. Bí ọdẹ bá ń sọ ọ́, á ní ẹranko ni ìyàwó òun, àfi bó ṣe gbé ìwo dé. Ta ló kọ́kọ́ jí awọ ẹlòmíràn pamọ́? Ta ló mu ẹmu yó tó tú àṣírí? Neff náà rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ìjẹ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì, ó sọ pé ó ti pẹ́ tóun ti ń rò ó bóun ṣe lè rẹ́ ilé-iṣẹ́ òun jẹ, bí ẹni tó ń darí tábìlì tẹ́tẹ́ tó ti mọ gbogbo ọgbọ́n tí àwọn oníjìbìtì ń ta. Ó ti gbọ́n ọgbọ́n náà tán kó tó mọ ilé Phyllis. Ẹnìkan tó máa kan ilẹ̀kùn ló ń dúró dè.

Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ọ̀gá kan nílé-iṣẹ́ Neff, Keyes, wá sí iyàrá rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, Phyllis sì ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tí Keyes ń jáde lọ, Phyllis sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ṣí síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn iyàrá báyẹn kì í ṣí síta. Inú ló máa ń ṣí sí. Wọ́n yí i padà torí kí a lè rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, igi ilẹ̀kùn kan péré láàárín wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bá mi jiyàn pé nǹkan gbọ́dọ̀ rí bó ṣe rí nílé, ẹ wo ilẹ̀kùn yẹn.

Keyes yìí, Edward G. Robinson ló ṣe é, èmi ò sì rí ẹni tó dára jù ú lọ nínú fíìmù náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ìwé ẹ̀tàn yàtọ̀ sí òótọ́. Ó ní ọkùnrin kúkúrú kan wà nínú òun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà bí nǹkan ò bá tọ́. Kì í rí ìṣáná nínú àpò rẹ̀ láé. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi sìgá ńlá rẹ̀ sẹ́nu, Neff ló ń fi èékánná ṣá ìṣáná fún un. Ẹ fi ìṣáná yẹn sọ́kàn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló lówó bí èyí o. Ní 1945, Edgar Ulmer ya Detour fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí owó ò sí lọ́wọ́ wọn. Ó nílò òpópónà New York lóru, kò ní. Ó kó ìkùukùu dà sí ibi tó yà á, ó gbé ọ̀pá àmì títì kan síbẹ̀, tọkọtaya rìn wọ inú ìkùukùu, New York dé. Wọ́n tún yí fíìmù kan sódì kí ìrìnàjò lè kọjú síbi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wakọ̀ ṣe bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún mọ́tò, ní Amẹ́ríkà! Ẹni tó bá ti fi jẹnẹrétọ̀ kan àti aṣọ dúdú kan ya fíìmù rí nílẹ̀ yìí mọ̀ pé ará ilé wa ni Ulmer.

Ẹnìkan fẹ́ bi mí pé, bí iná bá tàn rekete ńkọ́? Ìbéèrè tó dáa ni, torí fíìmù kan wà tó fẹ́ ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́. Leave Her to Heaven ni, 1945, aláwọ̀ mèremère ni wọ́n yà á, Leon Shamroy sì gba Oscar lórí àwòrán rẹ̀. Gene Tierney jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi lórí adágún ní ọ̀sán gangan. Àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dá, ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń rì, ó ń pè é. Obìnrin náà wo ọmọ náà títí omi fi pa dé. Gíláàsì dúdú ló wọ̀ sójú. Ẹ wò ó, gbogbo ayé mọ́lẹ̀, ibì kan ṣoṣo tí iná ò dé lọ́jọ́ náà ni ojú yẹn. Ọ̀rọ̀ mi ò bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan àwa gan-an. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ti wo noir yó, mo ní kí n dán an wò. Mo tan iná kan ṣoṣo sí apá kan, mo pa ẹlẹ́bẹ̀. Òṣèré náà dúdú mìnìjọ̀, kọ́tìnì pálọ̀ sì jẹ́ àwọ̀ búráùn. Nígbà tí a wo ohun tí a yà, eyín àti ẹyinjú nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó gbé mi síṣẹ́ ní, “Ṣé iwin ni mo ní kí o yà ni?” Mo kọ́gbọ́n. Ojú funfun ni àwọn ará ibẹ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ojú funfun ń gba iná bí ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ojú dúdú ń dá a padà bí omi. Má tan iná sí i kí o máa wá ìmọ́lẹ̀, wá ohun ńlá tó funfun, pátákó àjà tàbí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, kí iná lu ìyẹn, kí ojú náà wá gbé àwòrán rẹ̀. Fi òrí díẹ̀ kan eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti igi imú. Òjìji á dúró síbi tó yẹ, èèyàn ò sì ní sọnù sínú kọ́tìnì.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú noir àtijọ́, àfi kí wọ́n gbé ẹrù tàbí kí wọ́n fọ mọ́tò. Nínú Double Indemnity pàápàá, ẹ máa rí ọkùnrin tó ń ṣọ́ gáréèjì, òun ni Neff fi ṣe ẹlẹ́rìí pé ilé lòun wà. Ní 1995, Carl Franklin ya Devil in a Blue Dress látinú ìwé Walter Mosley. Los Angeles ti 1948 ni. Easy Rawlins, tí Denzel Washington ṣe, jà lójú ogun, ó padà dé, wọ́n lé e níbi iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé rẹ̀ ló sì sọ ọ́ sínú wàhálà. Ẹ wo ohun tí Franklin yí padà. Fún Neff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òru ni ewu. Easy ń rìn fàlàlà lóru ládùúgbò tiwọn, wọ́n mọ̀ ọ́n nílé ọtí. Ibi tó ti fẹ́ kan ìjàngbọ̀n ni etí òkun àwọn òyìnbó, kìkì torí pé ọmọbìnrin funfun kan bá a sọ̀rọ̀. Ibi tí iná ti pọ̀ jù ló ti ń wá ibi tó máa sá sí.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí irú ìtàn yìí ṣe máa ń dún ní èdè wa, ẹ má jìnnà, ẹ lọ ka Àjà ló lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tó ń tọ pinpin ọ̀daràn, ì bá jókòó sí ibikíbi nínú àwọn fíìmù yìí kí sìgá má sì jó o lọ́wọ́. Mo ṣì ń retí ẹni tó máa fi iná tó yẹ yà á.

Mo ní kí ẹ fi ìṣáná sọ́kàn. Wilder ya òpin kan fún fíìmù yìí níbi tí wọ́n ti pa Neff nínú iyàrá gáàsì, wọ́n kọ́ iyàrá náà, wọ́n yà á tán, ó gé e sọnù. Ohun tó fi sílẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Neff ti ṣubú síbẹ̀, kò lè lọ mọ́. Keyes tẹ̀ ba tì í. Neff mú sìgá jáde, ó wá ìṣáná, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Ẹ máa rí ẹni tó bá a ṣá a.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá wa pa iná yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.